Èjìká Àgbẹ̀ Lábẹ́ Síkáànù: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Iṣan Èjìká láti Goro

Iṣẹ́ oko ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń gbọ́ bùkátà ní Goro, ọ̀kan nínú àwọn agbègbè méje tí ó para pọ̀ jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Tchaourou ní ẹkùn Borgou, lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí àwọn tí ń sọ èdè Yorùbá, àwọn Bàrìbá àti àwọn Fúlàní ti jọ ń gbé, tí iṣu, àgbàdo, òwú àti kajú sì wà lára ohun ọ̀gbìn tí ilẹ̀ ibẹ̀ gbà dáadáa. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí ó rọ̀ mọ́ àwọn ohun ọ̀gbìn wọ̀nyí, bóyá ni a fi lè rí èyí tí ó ń gba agbára èjìká tó ebè kíkọ. Ẹni tí ó ń kọ ebè iṣu yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò gbé ọkọ́ sókè títí ìgúnpá rẹ̀ yóò fi kọjá èjìká, yóò sọ ọ́ lu ilẹ̀, yóò sì fa erùpẹ̀ náà mọ́ra wá síbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá ti fà á tán, yóò tún gbé ọkọ́ sókè, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa ṣe títí ebè yóò fi ga dé orúnkún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tó sún sí òmíràn. Ọ̀tọ̀ ni iṣan tí ó ń gbé apá sókè, ọ̀tọ̀ ni èyí tí ó ń fà á wálẹ̀, ọ̀tọ̀ sì ni àwọn kéékèèké tí ó di orí eegun apá mú sínú kòtò rẹ̀ kí ó má baà yẹ̀ nígbà tí àwọn ńláńlá bá ń fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún. Obìnrin tí ó ń gún iyán, tí ó sì ń gbé garawa omi láti ilẹ̀ dé orí láìsí ẹni tí yóò bá a gbé e rù, ń lo àwọn iṣan kan náà, ó kàn jẹ́ pé ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀ yàtọ̀ ni.

Bí èjìká bá ń dun irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, làkúrègbé ni orúkọ tí a sábà máa ń fún un, orúkọ kan ṣoṣo yìí sì ń bo àìsàn púpọ̀ mọ́lẹ̀: okùn iṣan tí ó ti ya, àpò omi tí ó wú láàárín eegun àti iṣan, oríkèé tí ó ti gan, iṣan tí ó ń rù díẹ̀díẹ̀, tàbí ìrora tí orísun rẹ̀ wà ní ọrùn tí ó kàn ń gba èjìká kọjá. Nítorí pé orúkọ jẹ́ ọ̀kan, ìtọ́jú náà máa ń jẹ́ ọ̀kan: a ó fi òrí wọ́ ọ, a ó fi omi gbígbóná jó o, a ó lo oògùn arọra tí a rà lọ́jà. Àwọn ohun wọ̀nyí lè mú ara tu ènìyàn, wọn kò sì yẹ ní fífojú tẹ́ńbẹ́lú, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó lè sọ bóyá iṣan tí ó wà lábẹ́ awọ ṣì wà ní pípé. Ìbéèrè tí àgbéyẹ̀wò yìí ń wá ìdáhùn sí ni bí ẹ̀rọ tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní síkáànù, tí àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ sì ń pè ní ẹkógíráfì, ṣe lè fi ipò iṣan èjìká hàn, ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ṣeé gbára lé, àti ibi tí ó ti lè ṣi ènìyàn lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ náà gan-an, iṣan, kò ní ṣeé lò láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ là á, nítorí pé ohun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Yorùbá ń fi pè: ẹran ara tí ó ń súnkì tí ó sì ń nà, okùn líle tí ó so ẹran náà mọ́ eegun, òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, àti fọ́nrán tí ó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ tí ó sì ń gbé àṣẹ bọ̀. Níhìn-ín, iṣan dúró fún ẹran tí ń súnkì, okùn iṣan dúró fún ohun tí ó so ó mọ́ eegun, fọ́nrán ìmọ̀lára sì dúró fún èyí tí ń gbé àṣẹ. Ìpín yìí ṣe pàtàkì, nítorí ohun tí síkáànù mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ ni láti ya àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ́tọ̀ lójú ẹni tí ó ń wò ó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan ni ahọ́n fún wọn.

Oríkèé èjìká ni ó ń yí jù nínú gbogbo oríkèé ara, ohun tí ó sì fún un ní òmìnira náà ni ó sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́, nítorí kòtò tí orí eegun apá wọ̀ kò jinlẹ̀ rárá. Ó dà bí ìgbà tí a gbé ọsàn ńlá lé orí ìdérí ìgò. Iṣan mẹ́rin ni ó yí orí eegun náà ká láti dì í mú. Èyí tí ó wà lókè, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní supraspinatus, ń gba abẹ́ ṣóńṣó eegun èjìká kọjá kí ó tó dé orí eegun apá, ọ̀nà tóóró yìí sì wà lára ohun tí a ń rò pé ó fà á tí òun fi máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Infraspinatus àti teres minor wà lẹ́yìn, wọ́n ń yí apá síta. Subscapularis wà níwájú, láàárín eegun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn àti egungun ìhà, ó ń yí apá sínú. Deltoid, iṣan ńlá tí ó fún èjìká ní ìrísí rẹ̀, bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Ìbòmọ́lẹ̀ yìí ni ó ń tan ènìyàn jẹ, nítorí àgbẹ̀ tí ó ti kọ ebè fún ogún ọdún lè ní deltoid tí ó ki pọ́pọ́ tí gbogbo ayé ń wò, kí supraspinatus tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ti ya já tipẹ́tipẹ́.

Ìró ni síkáànù ń lò láti wo ohun tí ojú kò rí yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìró tí etí ènìyàn lè gbọ́. Etí ènìyàn kì í gbọ́ ìró tí ó bá gbọ̀n ju nǹkan bí 20,000 ìgbà lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tí a ń lò fún èjìká máa ń gbọ̀n ní mílíọ̀nù 7 sí mílíọ̀nù 15 ìgbà láàárín àkókò kan náà. Ní ọdún 1880 ni Pierre Curie àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Jacques ṣàwárí ní ilẹ̀ Faransé pé àwọn òkúta kan wà tí iná mọ̀nàmọ́ná máa ń jáde lára wọn bí a bá tẹ̀ wọ́n, ìmọ̀ náà ni ó sì bí ọwọ́ ẹ̀rọ, ìyẹn apá tí a ń gbé lé ara: bí iná bá kan ohun tí ó wà nínú rẹ̀, á gbọ̀n, á sì rán ìró jáde, bí ìró bá padà, á tún sọ ọ́ di iná tí ẹ̀rọ yóò fi ya àwòrán. Ní ọdún 1958 ni Ian Donald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Glasgow gbé ìwé jáde lórí bí wọ́n ṣe fi irú ìró bẹ́ẹ̀ wo inú ikùn, láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ aboyún àti síkáànù ti di tọkọtaya. Èjìká kò rí àǹfààní rẹ̀ gbà dáadáa àfi ní nǹkan bí ọdún 1980 síwájú, nígbà tí ẹ̀rọ ti lè ya àwòrán ohun kéékèèké tí kò jìnnà sí awọ.

Nínú ẹran ara, ìró yìí ń rìn ní nǹkan bí 1,540 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ̀rọ sì ń fi iye àkókò tí ó lò kí ó tó padà ṣírò bí ohun tí ó kàn ṣe jìnnà tó. Bí ìró bá ṣe ń gbọ̀n kíákíá tó ni àwòrán rẹ̀ ṣe máa ń mọ́ tó, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni agbára rẹ̀ ṣe máa ń tètè tán lọ́nà. Ìdí nìyí tí ọwọ́ ẹ̀rọ tí a ń lò fún ikùn, tí ó rí roboto, tí ó sì ń lo mílíọ̀nù 2 sí 5, kò fi ní ṣe èjìká lóore tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí èyí tí ojú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ó ń lo mílíọ̀nù 12, lè fi ohun tí kò tó mìlímítà kan hàn, níwọ̀n ìgbà tí iṣan náà kò bá jìn ju nǹkan bí ìka méjì lọ. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá ìró yìí, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń fi ohun tútù tí ń yọ̀, tí ó dà bí ọ̀bẹ̀ ilá, pa awọ kí ọwọ́ ẹ̀rọ tó kàn án. Kò sí ìtànṣán olóró nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú X-ray, nítorí náà a lè wo èjìká kan ní ìgbà mẹ́wàá láìsí ìpalára.

Bí a bá gbé ọwọ́ ẹ̀rọ lé èjìká tí ó dá ṣáká, ohun tí yóò hàn lójú ẹ̀rọ ní ìtumọ̀ tí ó dúró ṣinṣin. Eegun máa ń funfun bí ilà ẹfun, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì dúdú biribiri nítorí ìró kò lè gba inú rẹ̀ kọjá. Okùn iṣan máa ń funfun pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó ní ilà wẹ́wẹ́ tí ó tò tẹ̀lé ara wọn bí òwú tí a ràn sórí kẹ̀kẹ́. Iṣan gan-an ni ó dúdú jù nínú àwọn mẹ́ta yìí, pẹ̀lú ilà funfun tín-ín-rín tí ó ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí a bá wò ó ní gígùn, àwọn ilà náà á fẹ̀ síta láti àárín bí ewé imọ̀ ọ̀pẹ, bí a bá sì wò ó ní ìbú, á dà bí ìgbà tí a fọ́n gaàrí díẹ̀ sórí aṣọ ẹlú. Omi dúdú pátápátá. Ọ̀rá, bí ó bá ti wọ inú iṣan, á sọ ọ́ di funfun, gbogbo ọ̀rọ̀ ipò iṣan sì rọ̀ mọ́ bí dúdú yìí ṣe ń di funfun.

Ọ̀nà tí a gbà ń jókòó fún àyẹ̀wò náà kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Bí apá bá sorọ̀ lásán, ṣóńṣó eegun èjìká á bo okùn supraspinatus mọ́lẹ̀, ìró kò sì ní rí i. Nítorí náà a ó ní kí ẹni tí a ń wò fi àtẹ́lẹwọ́ lé ìdí lẹ́yìn, bí ẹni tí ó fẹ́ ti ọwọ́ bọ àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò, kí ìgúnpá rẹ̀ sì kọjú sẹ́yìn, okùn náà á sì yọ síwájú kúrò lábẹ́ eegun. Fún èyí tí ó wà níwájú, á yí apá síta. Fún àwọn tí ó wà lẹ́yìn, á fi ọwọ́ di èjìká kejì mú. Nínú gbogbo èyí ni síkáànù ti ní ohun kan tí X-ray àti ẹ̀rọ onímágínẹ́ẹ̀tì tí a mọ̀ sí MRI kò ní bákan náà: ẹni tí a ń wò lè máa gbé apá rẹ̀ bí a ti ń wò ó, kí ó fi ìka tọ́ka sí ibi tí ó ń dùn ún, kí ojú, ọwọ́ àti ẹnu sì jọ pàdé lórí ibì kan náà.

Láti mọ ipò iṣan, ohun àkọ́kọ́ tí a ń wọ̀n ni bí ó ṣe nípọn tó ní mìlímítà, tí a ó sì fi wé ti èjìká kejì. Ìwọ̀n yìí rọrùn, ṣùgbọ́n ó ní àrékérekè tirẹ̀, nítorí pé èjìká tí ọkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ kì í bá èkejì dọ́gba láti ilẹ̀ wá, àti pé iṣan tí ọ̀rá ti kún inú rẹ̀ lè ṣì nípọn bí ẹni pé kò sí nǹkan tí ó ṣe é. Nítorí náà ni wíwo àwọ̀ rẹ̀ fi ṣe kókó. Ní ọdún 1982, Heckmatt, Leeman àti Dubowitz gbé òṣùwọ̀n onípele mẹ́rin kalẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn ọmọdé tí àrùn iṣan ń bá jà: ní ìpele kìíní, iṣan dúdú bí ó ti yẹ, eegun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ sì hàn kedere, ní ìpele kejì, ó ti ń funfun ṣùgbọ́n eegun ṣì hàn, ní ìpele kẹta, ó funfun gan-an, ilà eegun sì ti ń ṣá, ní ìpele kẹrin, gbogbo rẹ̀ ti funfun, eegun kò hàn mọ́. Ọlá òṣùwọ̀n yìí ni pé kò fẹ́ ju ojú tí ó mọ̀ ọ́n wò lọ.

Fún iṣan èjìká, Goutallier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ti ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1994 pẹ̀lú àwòrán CT, ìyẹn irú X-ray kan tí ń ya inú ara ní ìpín-ìpín, láti orí òdo, níbi tí kò ti sí ọ̀rá, dé orí 4, níbi tí ọ̀rá ti pọ̀ ju iṣan lọ. Ní orí 3, àwọn méjèèjì dọ́gba. Àwọn mìíràn ti mú èrò náà wá sórí síkáànù lẹ́yìn náà, wọ́n sì rí i pé ó ń bá àwòrán MRI lọ dé ìwọ̀n tí ó ṣeé lò. Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ ọ̀rá yìí gbòde ni pé bí okùn iṣan bá já, iṣan tí kò rí ohun fà mọ́ á sún sẹ́yìn, fọ́nrán rẹ̀ á kúrú, ọ̀rá á sì gba ààyè tí ó ṣófo láàárín wọn. Èyí tí ó sì burú jù ni pé, bí ọ̀rá bá ti pọ̀ níbẹ̀, kì í sábà padà lọ, bí a tilẹ̀ rán okùn náà padà. Oníṣẹ́ abẹ tí ó bá rán okùn mọ́ eegun nígbà tí iṣan ti di ọ̀rá dà bí ẹni tí ó so okùn ìfami tuntun mọ́ garawa tí ìdí rẹ̀ ti jo. Nítorí náà, wíwo iṣan lásìkò ń sọ bóyá ọjọ́ ṣì wà.

Ọ̀nà tuntun kan tún wà tí ń wọn bí iṣan ṣe le tó, nípa títì í díẹ̀ pẹ̀lú ìró kí a sì wo bí ìgbì náà ṣe ń sáré gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí ohun líle ń jẹ́ kí ìgbì tètè rìn. Ìlérí rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ìdíwọ̀n ẹ̀rọ kan kì í bá ti òmíràn dọ́gba, ìgbà tí ó bá di ọ̀rọ̀ abúlé, ó ti ṣáájú àkókò rẹ̀.

Báwo wá ni ọ̀rọ̀ síkáànù ṣe ṣeé gbára lé tó? Àgbéyẹ̀wò ńlá tí àjọ Cochrane gbé jáde ní ọdún 2013 kó ìwádìí 20 jọ, tí èjìká 1,147 wà nínú wọn. Nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún èjìká tí okùn iṣan ti já láti ojú kan dé ojú kejì, síkáànù rí nǹkan bí 92, MRI rí nǹkan bí 94. Nínú ọgọ́rùn-ún tí kò já, àwọn méjèèjì sọ òtítọ́ lórí nǹkan bí 93. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ tí a lè fi ọwọ́ gbé fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹ̀rọ tí ó kún yàrá dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí okùn náà bá ya láìjá tán, ọ̀rọ̀ yí padà: síkáànù rí nǹkan bí 52 péré nínú ọgọ́rùn-ún, MRI rí nǹkan bí 74. Ẹni tí síkáànù bá sọ pé kò rí nǹkan kan lára rẹ̀ kò tíì gba ìwé àṣẹ láti padà sídìí ebè lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀pọ̀ àṣìṣe síkáànù kì í ti ara ẹ̀rọ wá, ọwọ́ ni ó ti ń wá. Okùn iṣan dà bí dígí: bí a bá tanná sí i ní ìdúró ṣánṣán, ìmọ́lẹ̀ á padà sójú ẹni, bí a bá sì fì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìmọ́lẹ̀ á gba ibòmíràn lọ. Bí ọwọ́ ẹ̀rọ bá yẹ̀ díẹ̀, okùn tí ó wà ní pípé á dúdú, ẹni tí kò tíì dàgbà nínú iṣẹ́ náà á sì sọ pé ó ti já. Atọ́nisọ́nà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni láti máa mi ọwọ́ ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀ kí a rí i bóyá dúdú náà á parẹ́. Bí ó bá parẹ́, kò sí yíya níbẹ̀. Irú ìmọ̀ báyìí kì í wá láti inú ìwé nìkan, ó ń fẹ́ kí ènìyàn wo ọ̀pọ̀lọpọ̀ èjìká lábẹ́ ojú ọ̀gá.

Ewu kejì jinlẹ̀ ju èyí lọ, òun sì ni ibi tí ìgbé ayé abúlé ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ní ilẹ̀ Japan, àwọn oníṣègùn gbé síkáànù lọ bá àwọn ará abúlé kan lórí òkè, wọn kò dúró de ẹni tí èjìká ń dùn kí ó wá bá wọn nílé ìwòsàn. Yamamoto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ìwé wọn jáde ní ọdún 2010, wo ènìyàn 683, ìyẹn èjìká 1,366, wọ́n sì rí i pé okùn iṣan ti já nínú 20.7 lórí ọgọ́rùn-ún wọn. Minagawa àti àwọn tirẹ̀ ṣe irú rẹ̀ lábúlé kan, ìwé wọn sì jáde ní ọdún 2013: nínú ènìyàn 664, 147 ni okùn wọn ti já, kò sí ẹyọ kan nínú àwọn tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n láàárín àwọn ẹni ọgọ́rin ọdún sókè, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Ohun tí ó ya ènìyàn lẹ́nu ni pé bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn 147 náà ni èjìká kò dùn rárá. Ní Jámánì, Tempelhof àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí irú rẹ̀ ní ọdún 1999, nígbà tí wọ́n wo èjìká 411 tí kò dun ẹni tí ó ni wọ́n, tí okùn sì ti já nínú 23 lórí ọgọ́rùn-ún.

Ìtumọ̀ èyí ni pé àwòrán yíya lè wà lára ènìyàn bí ewú ti ń wà lórí àgbà, kí ó má sì jẹ́ òun ni ó ń dùn ún. Bí a bá wá gbé síkáànù dé Goro lónìí, tí a rí yíya lára bàbá ẹni àádọ́rin ọdún, tí a sì sọ fún un pé ìdí ìrora rẹ̀ nìyẹn, ó ṣeé ṣe kí a ti ṣì í lọ́nà, kí ó ta àgùntàn láti lọ wá iṣẹ́ abẹ tí kò nílò. Ẹ̀rí wà fún ìkìlọ̀ yìí láti ibòmíràn: ìwádìí CSAW ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jáde ní ọdún 2018, pín ènìyàn 313 tí èjìká ń dùn sí ọ̀nà mẹ́ta, àwọn kan gba iṣẹ́ abẹ tí ó ń gé eegun òkè èjìká díẹ̀ kí ọ̀nà lè fẹ̀, àwọn kan gba iṣẹ́ abẹ tí kò gé ohunkóhun, àwọn kan kò sì gba nǹkan kan, iṣẹ́ abẹ tòótọ́ náà kò ṣe dáadáa ju èyí tí kò gé nǹkan lọ. Àwòrán gbọ́dọ̀ tẹrí ba fún ẹnu ẹni tí ó ni èjìká àti fún ọwọ́ ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò.

Síbẹ̀, àwọn ipò kan wà tí síkáànù kì í ṣe ohun àfikún níbẹ̀. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù, tí iṣan èjìká rẹ̀ sì ti dẹ̀, orí eegun apá rẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ kúrò nínú kòtò. Síkáànù lè fi mìlímítà wọn àlàfo náà, kí àwọn tí ń gbé e dìde lórí ibùsùn mọ̀ pé apá náà kò ṣeé fà. Ọmọ tuntun tí ìbí rẹ̀ le, tí wọ́n fa ọrùn àti èjìká rẹ̀ títí fọ́nrán ìmọ̀lára fi já tàbí nà, máa ń fi apá kan sílẹ̀ láìgbé. Orí eegun apá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò tíì gan di eegun, X-ray kò sì lè rí i, ṣùgbọ́n síkáànù rí i kedere, ó sì lè sọ bí ó bá ti ń yẹ̀ sẹ́yìn nígbà tí ó ṣì ṣeé tọ́jú. Ní ìdà kejì, bí àrùn fòníkú-fọ̀ládìde bá dí ẹ̀jẹ̀ mọ́ orí eegun apá títí ó fi ń kú láti inú, síkáànù kò ní rí i títí ojú eegun náà yóò fi wó, nítorí ìta eegun nìkan ni ìró lè kàn. Ní ilẹ̀ tí àrùn yìí pọ̀ tó báyìí, a kò gbọdọ̀ fi síkáànù tí ó dára tan ọ̀dọ́ tí èjìká ń dùn jẹ, X-ray ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àti ọ̀nà wá kù. Ìjọba ìbílẹ̀ Tchaourou fẹ̀ gan-an, ó lé ní 7,000 kìlómítà onígun mẹ́rin, àwọn ènìyàn ibẹ̀ sì lé ní 220,000 nígbà ìkànìyàn ọdún 2013. Inú rẹ̀ ni ilé ìwòsàn Saint Martin ti Papané wà. Ní Parakou, lápá àríwá, ni ilé ìwòsàn yunifásítì ẹkùn Borgou-Alibori wà, pẹ̀lú Yunifásítì Parakou tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2001. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ á wá ojú ọ̀nà Kútọnu, tàbí kí ó sọdá ààlà lọ sí Nàìjíríà, níbi tí ilé ìwòsàn yunifásítì Ìbàdàn ti wà láti ọdún 1957. Ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọjọ́ oko tí ó lọ. Ní ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí gbogbo aboyún ṣe síkáànù kan kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún, ìdámọ̀ràn náà sì tọ́, nítorí ẹ̀mí méjì ni ó ń dáàbò bò. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá ti ń sún mọ́ ìgbèríko nítorí aboyún, kò sí ìdí tí èjìká kò fi ní bá a wọlé: ọwọ́ ẹ̀rọ pẹrẹsẹ kan ni ó kù kí a so mọ́ ọn. Láti ọdún 2018 ni irú èyí tí a lè fi sínú àpò, tí fóònù ń jẹ́ ojú rẹ̀, tí bátìrì sì ń gbé, ti wà lọ́jà, nǹkan bí 2,000 dọ́là Amẹ́ríkà sì ni iye rẹ̀ nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde, owó tí ó wúwo, ṣùgbọ́n tí kò jọ iye owó MRI rárá.

Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n jù ni ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́. Dókítà tí ó mọ àwòrán ń wà ní ìlú ńlá, ẹni tí ó sì mọ bí a ṣe ń fi eré ìdárayá tún èjìká ṣe kì í pọ̀ ní ìgbèríko. Agbẹ̀bí tí ó ti mọ síkáànù ikùn tipẹ́ lè kọ́ ohun mẹ́ta péré nípa èjìká, kí ó sì kọ́ wọn dáadáa: bóyá okùn òkè ti já pátápátá, bóyá omi pọ̀ níbi tí kò yẹ, àti ìpele wo ni àwọ̀ iṣan wà. Kò sí ìdí láti sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá kọjá àwọn mẹ́ta yìí, kí ó rán an lọ sí Parakou pẹ̀lú àwòrán náà, kí ẹni tí ó ju ú lọ tún un wò.

Kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì tó lè dúró, a ní láti mọ bí èjìká tí ó dá ṣáká ṣe rí níbẹ̀, nítorí àwọn èjìká tí a kà sí òṣùwọ̀n nínú àwọn ìwé tí a dárúkọ kì í ṣe ti ẹni tí ń kọ ebè. Ọ̀nà tí àwọn abúlé Japan gbà ni ó yẹ kí Goro gbà: kí a wo àwọn tí ara wọn le pẹ̀lú àwọn tí ń ráhùn, ọkùnrin àti obìnrin, àgbẹ̀ àti aránṣọ, kí a kọ ọjọ́ orí wọn sílẹ̀, ọwọ́ tí wọ́n fi ń di èèkù ọkọ́ mú, àti iye ọdún tí wọ́n ti fi ń kọ ebè. Kí a wo wọn lẹ́ẹ̀kan ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí iṣu tuntun ti ń jáde tí ebè tuntun kò sì tíì bẹ̀rẹ̀, kí a tún wo wọn ní oṣù Kìíní, nígbà tí ebè ti tán tí èjìká sì ṣì ń gbóná, pẹ̀lú ẹ̀rọ kan náà, ní ìjókòó kan náà, àtẹ́lẹwọ́ lórí ìdí, kí ọwọ́ kan náà sì wọn ìnípọn iṣan náà ní mìlímítà lápá ọ̀tún àti lápá òsì.